str.cat (pandas)

str.cat ni àṣẹ tí pandas fi ń so ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ nínú òpó dátà. pandas fúnra rẹ̀ jẹ́ láíbúrérì èdè Python fún ìtúpalẹ̀ dátà. Wes McKinney ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2008. Bí a bá pe str.cat lórí òpó kan ṣoṣo, yóò so gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ di ẹyọ kan gbọọrọ. Bí a bá fún un ní òpó kejì, yóò so ìlà kọ̀ọ̀kan mọ́ èkejì rẹ̀, sep, ìyẹn àmì tí a bá yàn láti pín wọn níyà, ni yóò sì wà láàárín wọn.

Ta ni èkejì yìí gan-an? Kí ẹ̀dà 0.23.0 tó jáde ní 2018, ipò ni àṣẹ náà ń wò. Kì í wo index, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń gbé kiri, bẹ́ẹ̀ index ni ìṣirò pandas sábà máa ń tẹ̀lé. Ká ní òpó s ní "ọjọ́", "ilé", "omi" pẹ̀lú index 0, 1, 2, tí òpó t sì ní "tútù", "ìwé", "ìbí" pẹ̀lú index 2, 1, 0. Ohun tí à bá rí nígbà náà ni "ọjọ́ tútù", "ilé ìwé", "omi ìbí". Ti àárín ṣe kòńgẹ́, kọ̀ǹpútà kò sì kéde àṣìṣe kankan. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà, ta ni yóò fura?

0.23.0 fi join kún un. s.str.cat(t, sep=' ', join='left') yóò kọ́kọ́ fi index wá index kàn, yóò wá so wọ́n: "ọjọ́ ìbí", "ilé ìwé", "omi tútù". 'left' ń di ìlà òpó àkọ́kọ́ mú, 'right' ti èkejì. 'inner' ń mú kìkì èyí tó wà nínú méjèèjì, 'outer' ń kó gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àṣẹ yìí ti ń gba odidi DataFrame, ìyẹn tábìlì olópòó púpọ̀, pẹ̀lú. Array lásán, ìyẹn àkójọ iye tí a tò tẹ̀lé ara wọn, kò ní index, nítorí náà gígùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti òpó s dọ́gba.

Kí kóòdù tó ti wà nílẹ̀ má baà yí padà lójijì, ìkìlọ̀ lásán ni 0.23.0 ń ṣe bí index kò bá bára mu. Ó di ẹ̀dà 1.0.0, ní oṣù kìíní ọdún 2020, kí 'left' tó di ti ẹni tí kò dárúkọ join rárá. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ipò yóò kọ t.to_numpy() dípò t, kí index lè bọ́ kúrò lára rẹ̀.

'outer' sábà máa ń fẹ́ na_rep lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà tí kò rí èkejì yóò ṣófo látòkè délẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ tó ti ní tẹ́lẹ̀, àfi bí na_rep bá sọ ohun tí yóò dí àyè náà.