Bí A Ṣe Ń Dá Ìsọ̀rí Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Mọ̀

Bí wọ́n bá bi ọmọ ilé-ìwé pé irú ọ̀rọ̀ wo ni “round”, ìbéèrè náà ò tíì pé. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo lè wà ní ìsọ̀rí mẹ́ta, mẹ́rin, àní márùn-ún. Iṣẹ́ tó ń ṣe nínú gbólóhùn ló ń sọ èyí tó jẹ́. Ẹni tó bá kàn há a sórí pé eléyìí noun, ìyẹn verb, inú ìdánwò ló ti máa rí i pé ohun tí òun há ò tó.

Ẹ wò ó nínú “a round table”: ó ń sọ bí tábìlì ṣe rí, adjective ni, ìyẹn ọ̀rọ̀-àpèjúwe. Nínú “the second round”, “the” ló ṣíwájú, ó sì lè di “rounds”. Noun ni, ọ̀rọ̀-orúkọ. “The car rounded the bend”: ó ti gba -ed, verb ni, ọ̀rọ̀-ìṣe. “They sat round the fire”: ọ̀rọ̀-orúkọ ló tẹ̀lé e, ó sì ń sọ ibi tí wọ́n jókòó sí, torí náà preposition ni, ọ̀rọ̀-atọ́kùn. “She turned round”: kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ kankan lẹ́yìn rẹ̀, “turned” ló ń pọ́n lé, adverb ni, ọ̀rọ̀-àpọ́nlé. Bí a bá fi pronoun (ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ, bíi “he”), conjunction (ọ̀rọ̀-àsopọ̀, bíi “and”) àti interjection (ọ̀rọ̀-ìyanu, bíi “oh!”) kún márùn-ún yìí, ìsọ̀rí 8 tí gírámà ilé-ìwé ń kà pé.

Àyẹ̀wò tó yá jù fún ọ̀rọ̀-orúkọ ni kí a fi “the” síwájú rẹ̀, kí a sì wò ó bóyá ó lè gba -s. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi -s nìkan dájọ́ o. “Advice”, “information”, “furniture” àti “equipment” kì í gba -s, síbẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ ni wọ́n. Ibẹ̀ ni àṣìṣe “advices” ti ń wá. Fún ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹ fi “he” síwájú, kí ẹ fi -s sí ìdí ọ̀rọ̀ náà: “he walks”, “he cuts”. Èyí dára ju kí a máa wá -ed lọ, torí “cut” àti “put” kì í yí padà bí ọ̀rọ̀ bá di ti àná. Àwọn aṣèrànwọ́-ìṣe bíi “can” àti “must” nìkan ni kì í gba -s yìí.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń sọ pé ọ̀rọ̀ tó bá gba “very” síwájú, adjective ni. Kò tó. “Very slowly” náà ń lọ déédéé, adverb sì ni “slowly”. Bẹ́ẹ̀ sì ni “main” nínú “the main road” kì í gba “very” rárá. Ohun tó máa fi ìyàtọ̀ adjective àti adverb hàn ni kí a fi ọ̀rọ̀ náà sáàárín “the” àti ọ̀rọ̀-orúkọ. “The slow man” ń ṣiṣẹ́, “the slowly man” ò ṣiṣẹ́.

Ìparí ọ̀rọ̀ náà máa ń tọ́ni sọ́nà: -ness, -ment àti -tion fún ọ̀rọ̀-orúkọ, -ful àti -ous fún ọ̀rọ̀-àpèjúwe. -ly ló ń tan èèyàn jù, torí adjective ni “friendly”, “lonely” àti “ugly”. -ing náà rèé: verb ni nínú “he is running”, ó ń ṣe iṣẹ́ adjective nínú “running water”, ó sì ń ṣe iṣẹ́ noun nínú “running is good for you”.

Etí náà ń ràn wá lọ́wọ́. Bí “record”, “permit” tàbí “import” bá jẹ́ noun, iwájú ọ̀rọ̀ la ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀; bó bá jẹ́ verb, ẹ̀yìn ni.

“Since”, “before” àti “after” ń da àwọn àgbà pàápàá láàmú, àmọ́ ohun tó tẹ̀lé wọn ló ń tú wọn fó. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan, bíi “since Monday”, preposition ni. Bó bá jẹ́ olùwà pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe, bíi “since he came”, conjunction ni, ìyẹn ọ̀rọ̀-àsopọ̀. Bí kò bá sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, bíi “I have not seen him since”, adverb ni.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì fún àwa tó ń sọ Yorùbá ni pé ìsọ̀rí àwọn ọ̀rọ̀ èdè méjèèjì ò bára mu. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni “ga” nínú “Adé ga”, ó dá dúró fúnra rẹ̀. Adjective ni “tall”, kò lè dá dúró láìsí “is”, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì á sọ pé “Ade tall”.

Àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ nínú lẹ́tà ọ́fíìsì ni “I am requesting for leave”. Bí “request” bá jẹ́ verb, ohun tí a ń béèrè ló máa tẹ̀lé e tààrà: “I request two weeks’ leave”. Bó bá jẹ́ noun, ó nílò “for”: “my request for leave”. Bákan náà ni “demand”. Ọ̀nà kan náà ni “discuss” àti “discussion” ń gbà: “we discussed the matter”, àmọ́ “our discussion about the matter”. “Emphasise” kì í gba “on”, “emphasis” ló ń gbà á. Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ tí a dárúkọ yìí, kí a tó kọ “for”, “about” tàbí “on” sílẹ̀, ẹ wo ọ̀rọ̀ tó ṣíwájú rẹ̀: bí “my”, “the” tàbí “a” bá wà níwájú ọ̀rọ̀ náà, noun ni, ẹ kọ ọ́. Bó bá jẹ́ “I”, “we” tàbí “they” ló wà níbẹ̀, verb ni, ẹ yọ ọ́ kúrò.