Yúnyún àti jogbo: bí wọ́n ṣe ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀

Yúnyún (Aspilia africana) àti jogbo (Tithonia diversifolia), tí àwọn kan ń pè ní agbale, ẹbí kan náà ni wọ́n, ìyẹn Asteraceae, òdòdó àwọn méjèèjì ló sì yẹlo. Yúnyún ni onílẹ̀, ilẹ̀ Áfíríkà ló ti ṣẹ̀. Àlejò ni jogbo, Mẹ́síkò àti àárín Amẹ́ríkà ló ti wá, wọ́n ń gbìn ín torí ẹwà ẹ̀ ló bá bọ́ sígbó, ní báyìí tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, bí oṣù kọkànlá báyìí, ẹ̀gbẹ́ títì ilẹ̀ Yorùbá á kàn yẹlo lọ rẹrẹẹrẹ ni.

Tí wọ́n bá ti dàgbà kò nira. Jogbo lè ga tó mítà 3, òdòdó ẹ̀ lè fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ọrùn tó gbé òdòdó yẹn dúró máa ń ṣófo nínú, ó sì ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè bí ẹnu fèrè. Òdòdó yúnyún kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdérí ìgò mínírà lọ.

Ewé ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Wọ́n á ní ti jogbo pín sí 3 tàbí 5, ti yúnyún ò pín, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ wo orúkọ ẹ̀, diversifolia, ìyẹn ni pé ewé ẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan, lórí igi kan náà lèèyàn ti máa rí èyí tó pín àti èyí tí ò pín, pàápàá lápá òkè. Torí náà ẹ má fi ewé kan ṣoṣo dájọ́, igi ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò: ewé yúnyún máa ń jáde ní méjì-méjì, wọ́n á kojú síra, ti jogbo á yọ ọ̀kan síbí ọ̀kan sọ́hùn-ún, àfi ìsàlẹ̀ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Ẹ tún fọwọ́ pa á, ewé yúnyún máa ń ha èèyàn lọ́wọ́ bí ewé ìpín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò le tó o.

Yúnyún làwọn àgbà máa ń fún sójú ọgbẹ́ kẹ́jẹ̀ lè dá, òun náà ni wọ́n ń já fún ehoro. Jogbo ní tiẹ̀ korò gan-an, àmọ́ àwọn àgbẹ̀ máa ń gé e tútù bo ilẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ bí ajílẹ̀.

Ẹ̀kẹta wà o, Sphagneticola trilobata, ará Amẹ́ríkà lòun náà, wọ́n ń gbìn ín síwájú ilé. Ewé tiẹ̀ náà kojú síra, àmọ́ ó ń dán, ilẹ̀ ló sì ń fà lọ.