Bí Àbàwọ́n Ṣe Ń Kúrò Lára Aṣọ

Ẹ̀jẹ̀ kò fẹ́ omi gbígbóná, epo pupa kò sì fẹ́ omi tútù. Ẹni tó bá kó aṣọ méjèèjì sínú báàfù kan náà, tó wá fìbínú ki bùrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, aṣọ ló máa gbó, àbàwọ́n á ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó ta sí aṣọ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀ kó tó mọ ohun tí yóò fi fọ̀ ọ́, torí ọ̀nà tí kálukú wọn gbà ń dì mọ́ òwú kò dọ́gba.

Omi àti epo kì í rẹ́. Ọṣẹ ni alárinà wọn. Ohun tín-tìn-tín tó para pọ̀ di ọṣẹ ní ìkángun méjì: ọ̀kan fẹ́ràn omi, èkejì fẹ́ràn ọ̀rá. Bí a bá ń fi ọṣẹ gbo aṣọ, ìkángun tó fẹ́ràn ọ̀rá á wọnú ìdọ̀tí, àwọn yòókù á yí i po, wọ́n á já a sí wẹ́wẹ́, omi á sì gbé e lọ nígbà tí a bá ń ṣàn án. Ìbáà jẹ́ ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi eérú èèpo kòkó àti àdín sè, ìbáà jẹ́ ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní Omo láìka orúkọ tó wà lára ọ̀rá rẹ̀ sí, bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Omi oníyọ̀ ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Omi kànga tàbí bọ̀hóò tí èròjà kálísíọ́ọ̀mù àti magnésíọ́ọ̀mù bá pọ̀ nínú rẹ̀ ń gbé ọṣẹ mì ni. Ọṣẹ kò ní hó, nǹkan funfun kan á léfòó, á lẹ̀ mọ́ aṣọ, aṣọ á sì gan bó bá gbẹ. Ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú máa ń fara dà á ju ọṣẹ onígi lọ. Omi òjò kò ní wàhálà yẹn rárá, ẹni tó bá sì gbé garawa sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ máa rí i pé ọṣẹ díẹ̀ ló máa ná an.

Ẹ̀jẹ̀ kún fún purotéènì. Bí ooru iná ṣe ń mú ẹyin dì nínú ìkòkò, bẹ́ẹ̀ náà ni omi gbígbóná ń mú ẹ̀jẹ̀ dì sínú òwú, tí kò fi ní jáde mọ́. Omi tútù ni kí wọ́n fi ṣàn án látẹ̀yìn aṣọ, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọṣẹ. Wàrà, ẹyin àti èébì ọmọdé náà ń tẹ̀ lé òfin yìí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti gbẹ, kí wọ́n rẹ ẹ́ mọ́jú nínú omi tútù tó ní ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú. Púpọ̀ nínú àwọn ọṣẹ bẹ́ẹ̀ ní ẹ́ńsáímù tó ń gé purotéènì sí kékeré, àmọ́ kí ẹ má fi wọ́n kan sílíìkì tàbí aṣọ onírun àgùntàn, torí purotéènì ni àwọn aṣọ wọ̀nyẹn fúnra wọn.

Epo pupa ló gba sùúrù jù, torí àbàwọ́n méjì ló wà nínú ẹ̀kán kan: ọ̀rá rẹ̀, àti pípọ́n rẹ̀. Bó bá ta sí aṣọ, etí ṣíbí ni kí ẹ fi ká èyí tó wà lókè, kí ẹ má nù ún, torí nínù ló ń fẹ̀ ẹ́. Ẹ bu pọ́dà tàbí ìyẹ̀fun lé e kó fa díẹ̀ nínú ọ̀rá náà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́ sí i, láìtíì kàn án lómi, kí ẹ fìka rà á wọnú òwú, kí ẹ sì fi sílẹ̀ díẹ̀. Omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, torí epo pupa máa ń dì bí omi bá tutù. Bí ọ̀rá bá lọ tán, àwọ̀ ìyeyè kan ṣì máa kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìṣe, tí wọ́n á gbé bílíìṣì. Ẹ sá aṣọ náà sóòrùn pẹ̀lú ọ̀rinrin lára. Kárótíìnì ló ń mú epo pọ́n, kì í sì í lè dúró níwájú oòrùn.

Àbàwọ́n kọ́rì ní tiẹ̀ a máa dẹ́rù bani. Ó yeyè tẹ́lẹ̀, ọṣẹ kàn án, ó di pupa! Kò bàjẹ́ o. Atalẹ̀ pupa tó wà nínú kọ́rì ló máa ń pàwọ̀ dà bí ọṣẹ bá kàn án; ẹ ṣàn án dáadáa, á padà yeyè, kí oòrùn wá parí ìyókù.

Omi kajú àti oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò lójú àánú bẹ́ẹ̀. Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń mọ́ gaara nígbà tó bá kán sí aṣọ, ẹnikẹ́ni kò ní kà á sí, àfi tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i tó wá dúdú. Kó tó gbẹ ni omi púpọ̀ lè gbé e lọ. Bó bá ti gbẹ, ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gbọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Aṣọ oko ni ọ̀pọ̀ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ máa ń padà dà.

Bílíìṣì, ìyẹn Hypo tàbí Jik, kì í fọ ìdọ̀tí. Àwọ̀ ló ń pa, kì í sì í mọ àwọ̀ àbàwọ́n yàtọ̀ sí àwọ̀ aṣọ. Aṣọ òwú funfun nìkan ló wà fún, inú omi ni wọ́n sì ń pò ó sí kí aṣọ tó wọlé. Bí omi bọ̀hóò bá ní irin nínú, bí ọ̀pọ̀ omi Èkó ṣe ní in, bílíìṣì á mú irin náà dípẹtà, yúnífọ́ọ̀mù funfun á sì jáde ní pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ló ń yọ ìpẹtà. Ẹ má ṣe da ọsàn, fínígà tàbí ásíìdì pọ̀ mọ́ bílíìṣì láé, ẹ má sì dà á sórí nápíìnì tó ṣì ní ìtọ̀ ọmọ: afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde níbẹ̀.

Ìyeyè abẹ́ abíyá ẹ̀wù funfun náà kò fẹ́ bílíìṣì. Fínígà díẹ̀ ṣáájú ọṣẹ sàn jù. Tàdáwà báírò, sípíríìtì ni, pẹ̀lú àkísà lábẹ́ ẹ̀ tí yóò máa fà á mu.

Àdìrẹ tí wọ́n fi èlú rẹ máa ń ṣí nígbà àkọ́kọ́, èyí kò sì túmọ̀ sí pé ayédèrú ni. Aró èlú kì í yòrò sínú omi. Ara òwú ló ń jókòó sí, èyí tí kò bá sì jókòó dáadáa á bá omi lọ. Òun nìkan ni kí wọ́n fọ̀, nínú omi tútù, kí wọ́n yí inú rẹ̀ síta, kí wọ́n sì sá a síbòji. Aṣọ òkè kò tilẹ̀ fẹ́ omi. Lẹ́yìn òde, wọ́n ń na án sójú atẹ́gùn kí òógùn gbẹ lára rẹ̀ kó tó wọ àpótí, torí bó bá lọ bu sínú àpótí lásìkò òjò, àmì dúdú rẹ̀ ṣòro yọ.