Kì í ṣe ayé ló bó ojú bàbá yín

Bí Ojúde Ọba bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwòrán òbí wọn tí wọ́n fi ọ̀dà kùn wá bá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ojú bàbá ti bó, etí fìlà ti ká kúrò lára kánfáàsì. Wọ́n á ní àwọn ará ilé ló ń bá olóògbé jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ará ilé sílẹ̀. Ẹni tó gbowó pọ́ọ́kú, tó kun ọ̀dà olómi lé orí ọ̀dà olóròóró, ni kẹ́ ẹ lọ mú.

Tí omi bá ti fà tán lára akrílíìkì, ìyẹn ọ̀dà olómi náà, ó ti gbẹ nìyẹn. Òróró linseed, tí wọ́n fi ń po ọ̀dà olóròóró, ò rí bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn ló ń gbà sára tó fi ń dì, ó sì lè gba oṣù 6 tàbí ọdún kan kó tó dì dé inú, bí kò tiẹ̀ lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ mọ́. Akrílíìkì tẹ́ ẹ kùn lé e kò ní rí ibi dì mú. Ẹ yí i padà: olómi nísàlẹ̀, kó gbẹ, kí gíléèsì, ìyẹn ọ̀dà olóròóró fẹ́lẹ́ tó jẹ́ ká rí ìsàlẹ̀, wá gorí rẹ̀.

Àwọn tó ti kàwé díẹ̀ á ní, “Ọ̀gá, ṣebí àwọn Òyìnbó kan ń fi funfun olómi sórí gíléèsì tútù?” Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹyin ni wọ́n pò mọ́ òróró tó ń gbẹ, kí wọ́n tó fi omi là á. Òróró ti wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ẹ́máṣọ̀n tẹ́ ẹ fi kun fẹ́ǹsì!

Ẹnìkan tún ń kọ́ àwọn ọmọdé pé kí wọ́n fi òróró ẹ̀pà la ọ̀dà. Òróró ẹ̀pà kì í gbẹ. Ẹ fi dín dòdò.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àkísà tẹ́ ẹ fi nu ọ̀dà olóròóró. Bí linseed ṣe ń gba atẹ́gùn, bẹ́ẹ̀ ló ń mú ooru jáde. Lára kánfáàsì, ooru náà á fẹ́ lọ. Nínú àkísà tẹ́ ẹ ká jọ, á há síbẹ̀, á máa pọ̀ sí i títí àkísà á fi gbiná fúnra rẹ̀, láìsí ìṣáná. Ọmọṣẹ́ kan kó tirẹ̀ sínú páálí, ó tìlẹ̀kùn, ó lọ sùn. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ jó kanlẹ̀. Wọ́n ní iná mànàmáná ló fà á, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ṣókùnkùn ní gbogbo àdúgbò lóru ọjọ́ náà. Ẹ sá àkísà yín sórí okùn níta lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí kẹ́ ẹ rì í sómi nínú agolo onírin tó ní ọmọrí. Ẹ má jẹ́ kó sùn sábẹ́ tábìlì.