Bí Iná Sólà Àdúgbò Ṣe Ń Tàn Lọ Nígbà Tí Gíríìdì Bá Kú

Òṣogbo ni ibùdó tí wọ́n ti ń ṣọ́ gíríìdì iná Nàìjíríà, ìyẹn waya ńlá tó so àwọn ibùdó iná àti ìlú pọ̀, wà. Bí gíríìdì bá wó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń darí bí wọ́n á ṣe jí i dìde. Síbẹ̀, òkùnkùn tó bá bo Kánò lọ́jọ́ náà kì í yọ Òkè-Fìà ní Òṣogbo sílẹ̀: ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbé etí odò Ọ̀ṣun tó ń fi itọ́ ṣanwọ́.

Ìlù kan ni gbogbo ibùdó tó ń pèsè iná jọ ń jó sí. Ìgbà 50 ni ìlù náà ń dún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ibùdó ńlá kan bá já bọ́ lójijì, ìlù á falẹ̀, àwọn tó kù á sì máa pa ara wọn kí ẹ̀rọ wọn má baà bàjẹ́. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ilẹ̀ ti ṣú.

Iná sólà àdúgbò ní ìlù tirẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì ń gba oòrùn, bátìrì ń tọ́jú iná, ìnfẹ́tà ń sọ ọ́ di irú èyí tí fíríìjì àti fáànù ń lò, waya kan náà ló sì so ilé àti ṣọ́ọ̀bù pọ̀. Àmọ́ suwíìṣì ni ọba ibẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti so iná àdúgbò mọ́ waya NEPA (ará ìlú ò tíì fi orúkọ yẹn sílẹ̀), bí gíríìdì bá kú, suwíìṣì yìí ló máa kọ́kọ́ já àdúgbò kúrò lára waya ńlá. Bí kò bá já a, iná sólà á máa ṣàn padà sórí òpó, òṣìṣẹ́ tó gùn ún láti tún un ṣe lè gan mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìnfẹ́tà á wá máa lu ìlù náà fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìnfẹ́tà ló lè ṣe é. Òmíràn dà bí omele tí kò mọ̀ ju kó tẹ̀lé ìyáàlù: bí ìyáàlù bá dákẹ́, òun náà dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí pánẹ́ẹ̀lì fi lè kún orí òrùlé kí inú ilé sì ṣókùnkùn.

Pínpín rẹ̀ ló gba ọgbọ́n. Pánẹ́ẹ̀lì kílówáàtì 20 lè mú nǹkan bíi yúníìtì 80 wá lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú dáadáa; nígbà òjò, ó máa ń dín gan-an. Yúníìtì kan á tan gílóòbù mẹ́wàá, tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 10, fún wákàtí 10. Ẹ̀rọ ata kílówáàtì 4 á jẹ mẹ́rin ní wákàtí kan péré. Nítorí náà, ọ̀sán ló yẹ kí wọ́n máa lọ ata, kí ẹlẹ́ja sì jẹ́ kí fírísà rẹ̀ dì gbagidi kó tó di alẹ́.

Ní ti NEPA, bándì ni wọ́n pín àwọn oníbàárà sí: ó yẹ kí Bándì A máa gba ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, kí Bándì E máa gba ó kéré tán mẹ́rin. Iná àdúgbò lè dín ìyàtọ̀ yẹn kù, ṣùgbọ́n kì í ṣe iná ọ̀fẹ́. Yúníìtì rẹ̀ sábà máa ń wọ́n ju ti NEPA lọ. Pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀ ló ń bá díje. Bí wọ́n bá fẹ́ lo òpó tó wà nílẹ̀, àdúgbò, ẹni tó gbé iná sólà náà kalẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná gbọ́dọ̀ jọ tọwọ́ bọ̀wé.

Bátìrì ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ darúgbó nínú gbogbo rẹ̀. Owó tí wọ́n máa fi ra òmíràn gbọ́dọ̀ ti máa kúrò lára owó káàdì mítà láti oṣù àkọ́kọ́, nígbà tí bátìrì ṣì ń dán, tí ẹnikẹ́ni ò tíì rántí pé ó máa kú.