Bí iṣẹ́ ọnà ṣe ń fa ọ̀dọ́ sídìí sáyẹ́ǹsì: àpẹẹrẹ àwòrán tí òòrùn ń yà

Ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ ètò tó fẹ́ fi iṣẹ́ ọnà mú àwọn ọ̀dọ́ sún mọ́ sáyẹ́ǹsì ti ń kùnà. Wọ́n á fi orin tàbí àwòrán ṣe ọ̀ṣọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹnì kan á wá dìde sọ àsọyé. Ẹni ọdún 18 sí 25 ti jókòó síwájú olùkọ́ pẹ́. Kíá ló ń dá àsọyé mọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ fi orin bò ó. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni iṣẹ́ ọnà tí kò lè yọrí bí ẹni tó ń ṣe é kò bá tọ́pasẹ̀ ohun tí ìmọ́lẹ̀, kẹ́míkà tàbí ìró ń ṣe. Cyanotype, àwòrán búlúù tí òòrùn ń yà, jẹ́ ọ̀kan tó dára gan-an.

John Herschel, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e jáde ní 1842. Nígbà tó fi di 1843, Anna Atkins, onímọ̀ nípa ewéko, ti ń fi ya àwòrán ewé inú òkun sínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ń ya àwòrán ilé àti ti ẹ̀rọ wá sọ ọ́ di ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà.

Kẹ́míkà méjì ló ń gbà. Èkíní ni ferric ammonium citrate aláwọ̀ ewé, gíráàmù 25 nínú mìlílítà omi 100. Èkejì ni potassium ferricyanide, gíráàmù 10 nínú mìlílítà omi 100. Inú ìgò dúdú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n wà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á fi pẹ́ fún oṣù mélòó kan, àmọ́ nǹkan lè hù sójú èkíní, kí wọ́n sì sẹ́ ẹ kúrò. Ọjọ́ ètò gan-an ni kí wọ́n pò wọ́n, ìwọ̀n kan náà sí ìwọ̀n kan náà. Bí èèyàn 20 bá máa kun ìwé A5 mẹ́ta mẹ́ta, mìlílítà 100 àpòpọ̀ á tó, á sì ṣẹ́kù. Kí ásíìdì líle má ṣe dé ibi tí ferricyanide wà, nítorí gáàsì olóró lè jáde. Kí wọ́n sì wọ ìbọ̀wọ́.

Yàrá tí òòrùn kò wọ̀ ni wọ́n ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ìwé, iná gílóòbù tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀ kò ní bà á jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tẹ́ ewé, okùn tàbí àwòrán tí wọ́n yà sórí ike tó mọ́ gaara lé e, wọ́n á fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó di ìta.

Inú òòrùn yẹn ni kẹ́míkà ti ń ṣiṣẹ́. Bí ultraviolet, ìtànṣán òòrùn tí ojú kò lè rí, bá bà á, citrate inú kẹ́míkà èkíní á fún irin inú rẹ̀ ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Irin tó yí padà yìí á so mọ́ ferricyanide, wọ́n á sì di Prussian blue, àwọ̀ búlúù kan tí omi kò lè yọ́. Ibi tí òjìji bò kò yí padà, omi á sì fọ̀ ọ́ lọ di funfun.

Àlàyé yìí kọ́ ni kí wọ́n fi ṣí ètò o. Kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ náà ṣe ìwé kan bó ṣe wù wọ́n. Ọ̀pọ̀ á gbé e kúrò lóòrùn nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di búlúù tó rẹwà, omi á sì gbé ìdajì rẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni ìbéèrè á ti ẹnu wọn jáde, àlàyé sì ti ní ibi tí yóò jókòó sí. Fún ìwé kejì, kí wọ́n fi páálí bo ìwé, kí wọ́n máa fà á sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú méjì méjì títí dé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n wo ìlà tó dára jù. Ìwádìí sáyẹ́ǹsì gidi nìyẹn, kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ fún wọn. Àmì tó tọ́ ni pé kí ibi tó dúdú jù yí sí àwọ̀ eérú kí wọ́n tó gbé e wọlé. Ìwé kẹta jẹ́ ti ìbéèrè tiwọn. Ẹlòmíràn á fi ìpara tó ń dènà òòrùn ya àwòrán sórí ike, kó lè mọ̀ bóyá ó ń dènà lóòótọ́. Ibi tí ìpara bá wà á sì funfun.

Àbùkù pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìdí. Bí búlúù bá bo gbogbo ìwé, ìmọ́lẹ̀ ti bà á nígbà tó ń gbẹ. Bí àwọ̀ ìyeyè bá ṣẹ́ kù, wọn kò fọ̀ ọ́ tó. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá nínú omi ló ń gbà. Bí etí àwòrán kò bá já gaara, ohun tí wọ́n tẹ́ lé e kò dùbúlẹ̀ dáadáa. Bí búlúù náà bá ń ṣí, ọṣẹ ló kàn án tàbí kó jẹ́ ìwé tí wọ́n fi ẹfun calcium carbonate ṣe. Gíláàsì tó ń dènà ultraviolet náà wà, ìyẹn kì í jẹ́ kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ rárá. Atẹ́gùn á mú kí búlúù jinlẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kán hydrogen peroxide díẹ̀ sínú omi, lójú ẹsẹ̀ ló ń jinlẹ̀. Ibẹ̀ ni yàrá ti máa ń pariwo.

Ayàwòrán àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní láti jọ ṣètò rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí owó sì wà fún àwọn méjèèjì. Science Gallery, gbọ̀ngàn ìṣàfihàn sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ọnà ní Dublin ní ilẹ̀ Ireland, tó ṣí ní 2008 fún àwọn ẹni ọdún 15 sí 25, tó sì ti ilẹ̀kùn ní 2022, fi àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn dúró ti iṣẹ́ ọnà kọ̀ọ̀kan láti bá àlejò sọ̀rọ̀. Ọgbọ́n tó dára ni, torí ẹgbẹ́ ẹni kì í dẹ́rù bani bí ọ̀jọ̀gbọ́n.

Fún àwọn olórin, iyanrìn orí irin pẹlẹbẹ tí Ernst Chladni ti Jámánì ṣàfihàn ní 1787 wà: ìró á to iyanrìn sí ìlà. Àléébù rẹ̀ ni pé ìwòran lásán ló rọrùn láti sọ ọ́ dà. Kí wọ́n ní kí oníkálùkù ya ibi tó rò pé iyanrìn yóò kó jọ sí kí ìró tó dún.

Bíbéèrè pé “Ṣé ẹ gbádùn rẹ̀?” kò sọ nǹkan kan, gbogbo èèyàn ló ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Ó sàn kí wọ́n kó ìwé mẹ́ta tó bàjẹ́ síwájú àwọn ọ̀dọ́ náà lópin ètò, kí wọ́n ní kí wọ́n sọ ohun tó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fún ìyẹn, wọn kò gbọ́dọ̀ da àwọn tó bàjẹ́ nù, kí iye ìṣẹ́jú àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí sì wà lẹ́yìn ìwé kọ̀ọ̀kan. Pẹ́ńsùlù ni kí wọ́n fi kọ ọ́. Omi lè fọ yíǹkì lọ.