Ìdílé Borlaug ti Saude ní ìpínlẹ̀ Iowa

Ìdílé Borlaug jẹ́ ìdílé àgbẹ̀ tó ṣẹ̀ wá láti Nọ́rwèy, tó sì fìdí kalẹ̀ sí Saude, abúlé kékeré kan nítòsí ìlú Cresco ní àríwá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Iowa, Amẹ́ríkà. Norman Borlaug, onímọ̀ irúgbìn tó gba Ẹ̀bùn Nobel fún Àlàáfíà ní 1970, ni ayé mọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìtàn ìdílé náà ti ń lọ tipẹ́ kí wọ́n tó bí i, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀: ilẹ̀ tí kò tó wọn, ilẹ̀ tí wọ́n rí, àti iye agbára tí ilẹ̀ náà ń gbà lára ẹni tó ń ro ó.

Láti Sogn dé Iowa

Ole Olson Dybevig àti ìyàwó rẹ̀, Solveig Thomasdatter Rinde, ló kọ́kọ́ sọdá òkun. Agbègbè Feios ni wọ́n ti wá, ní ẹkùn Sogn, níbi tí omi òkun ti gba àárín òkè gíga wọ inú ilẹ̀, tí ibi tó ṣeé dáko kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọjá etí omi. Ní gbogbo Nọ́rwèy, nǹkan bí ìdá mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ló ṣeé ro. Ọmọ ń pọ̀, oko ò pọ̀. Láàárín 1825 sí 1925, ó lé ní 800,000 èèyàn tó fi orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ lọ sí Àríwá Amẹ́ríkà. Ní 1854 ni Ole àti Solveig lọ ní tiwọn, Dane County ní Wisconsin ni wọ́n sì dé sí.

Orúkọ wọn lè da ojú ẹni tó bá ń wá ìtàn ìdílé yìí rú. Olson ni ọmọ Ole, Thomasdatter ni ọmọbìnrin Thomas. Èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ orúkọ oko tí èèyàn ń gbé, ẹni tó bá sì kó lọ sí oko mìíràn lè máa jẹ́ orúkọ ibẹ̀. Nínú àṣà yìí, bàbá lè jẹ́ Dybevig kí àwọn ọmọ jẹ́ Borlaug, kò sí ẹni tó ṣi orúkọ kọ. Amẹ́ríkà ni orúkọ ti wá dúró sójú kan.

Méjì nínú àwọn ọmọ wọn ọkùnrin, Ole àti Nels, kọjá sí Iowa, wọ́n sì wà lára àwọn tó dá ìjọ Lutheran sílẹ̀ ní Saude. Ilẹ̀ tí àwọn àtìpó bá níbẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ tí kò lólúwa. Àwọn Ho-Chunk, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ń gbé agbègbè náà kí ìjọba tó kó wọn lọ sí Minnesota ní 1848. Orúkọ ibì kan ní Telemark, Nọ́rwèy, ni wọ́n fi sọ Saude. Àwọn ará Bohemia (apá kan ilẹ̀ Czech) tó wà nítòsí náà ṣe bẹ́ẹ̀: Protivin ni wọ́n sọ ìlú tiwọn. Ìjọ Lutheran ni àwọn ti Saude ń lọ, àwọn Bohemia sì ń lọ sí Kátólíìkì. Èdè Nọ́rwèy ni àwọn ará Saude ń sọ nínú ilé, òun náà ni wọ́n fi ń gbàdúrà. Ní May 1918, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, gómìnà Iowa, William Harding, pàṣẹ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa sọ nílé ẹ̀kọ́, ní gbangba, nínú ìsìn, títí kan orí tẹlifóònù. Àṣẹ náà ò pé ọdún tí wọ́n fi gbé e kúrò.

Oko Henry àti Clara

Nels àti ìyàwó rẹ̀, Emma, ló bí Henry Oliver Borlaug (1889–1971). Henry fẹ́ Clara Vaala (1888–1972), ọmọ Nọ́rwèy bíi tirẹ̀. Ilé Nels ni wọ́n ti bí Norman ní 25 March 1914. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Palma (1916) àti Charlotte (1919). Helen, àbígbẹ̀yìn, kò rí ju ọdún 1921 tí wọ́n bí i lọ.

Norman ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí oko tiwọn, éékà 106 ní ìwọ̀-oòrùn Protivin. Wọ́n ń gbin àgbàdo, ọkà óòtì àti koríko tímótì, wọ́n sì ń sin màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ. Ìkórè àgbàdo ló máa ń ba ọwọ́ jẹ́ jù. Ìwọ́ irin kékeré ni àgbẹ̀ ìgbà yẹn máa ń dè mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Á fi fa èèpo ya lórí ìdúró, á ṣẹ́ àgbàdo náà, á jù ú sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ń bá a lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Pákó gíga wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì kẹ̀kẹ́ náà kí àgbàdo má baà fò kọjá, ariwo rẹ̀ lára pákó ni èèyàn sì máa ń gbọ́ káàkiri oko láàárọ̀. Ẹṣin tó ń fà á mọ ìgbà tó yẹ kó sún síwájú bí olówó rẹ̀ bá ti fọhùn.

Ẹṣin náà ní oúnjẹ tó ń jẹ. Óòtì àti tímótì yẹn, púpọ̀ nínú wọn kò dé ọjà rárá, ẹnu ẹṣin ni wọ́n ń gbà lọ, àwọn ọmọ ilé ló sì ń bá wọn kórè rẹ̀. Ìdí nìyí tí katakata Fordson tí Henry rà fi ju irinṣẹ́ lásán lọ: ilẹ̀ tí ẹṣin ń jẹ bọ́ sọ́wọ́ onílẹ̀, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó wà nílé sì ṣeé yọ̀ǹda fún ilé ẹ̀kọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ abúlé tí Norman kọ́kọ́ lọ, New Oregon 8, jẹ́ yàrá kan tí wọ́n kọ́ ní 1865. Olùkọ́ kan ló ń kọ́ kíláàsì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Nígbà tó ṣì kéré, yìnyín ká àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mọ́ ojú ọ̀nà, ó sì rẹ Norman débi pé ó dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀. Sina, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá rẹ̀ tó dàgbà jù ú lọ, ló fà á dìde. Sina yìí kan náà ló padà di olùkọ́ rẹ̀, tó sì rọ àwọn òbí rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama ní Cresco, níbi tó ti di eléré ìjàkadì. Nels, bàbá àgbà, tó lọ ilé ẹ̀kọ́ díẹ̀ péré, máa ń sọ fún un pé kó fi ìmọ̀ kún orí báyìí bó bá fẹ́ kí ikùn kún lọ́jọ́ iwájú.

Lẹ́yìn 1933

Ní 1933 Norman lọ sí Yunifásítì Minnesota. Ó kùnà nínú ìdánwò ìwọlé, ẹ̀ka kan tó ń gba irú àwọn tó kùnà bẹ́ẹ̀ ló sì gbà á wọlé. Ní 1937 ó fẹ́ Margaret Gibson. Iṣẹ́ àlìkámà gbé e lọ sí Mẹ́síkò ní 1944, kò sì padà sídìí oko bàbá rẹ̀ mọ́. Henry àti Clara ṣì wà láyé nígbà tí ìròyìn Nobel dé. Láti 1986, ètò tó bá Ryoichi Sasakawa, olówó ará Japan, àti Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, dá sílẹ̀ fún àgbẹ̀ Áfíríkà dé Nàìjíríà, Bénin àti Tógò. Norman kú ní 12 September 2009.

Àjọ kan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló ń tọ́jú oko éékà 106 náà nísinsìnyí, pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ oníyàrá kan.